Ajá àti Ọ́pẹ́rà Nínú Ilé Kan: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Ní Kubwa

Kọ́mpáùndì kan ní Kubwa, ní Àbújá, là ń gbé, ojúlé mẹ́rin. Èmi nìkan ni mo ní ajá níbẹ̀, èmi nìkan náà ni mo sì ń gbọ́ orin ọ́pẹ́rà àtijọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn ará ilé ń bi mí ní ìbéèrè, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí, àwọn tó fẹ́ ra ajá ń tẹ̀ mí láago látọ̀nà jíjìn. Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá jù ni mo kó jọ síbí. Bí ẹ bá rí i pé mo kúrò lórí egungun adìyẹ bọ́ sórí Handel, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ọ́pẹ́rà àtijọ́, ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Kí ló pa ajá àti ọ́pẹ́rà pọ̀?

Ariwo ni àwọn èèyàn ń pe méjèèjì. Ajá gbó lóru, wọ́n ní kí n pa á lẹ́nu mọ́. Obìnrin fi èdè Ítálì kọrin lórí ẹ̀rọ, wọ́n ní ta ló ń sunkún nílé yín. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á tún un sọ, wọ́n á yí i padà díẹ̀, títí yóò fi yé ẹni tó bá gbà láti jókòó tì wọ́n.

Mo fẹ́ ra ajá. Irú èwo ni kó jẹ́?

Ajá ìbílẹ̀ ni màá ní kí ẹ mú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Bíńgò. Oòrùn Àbújá nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin kì í bá ajá onírun púpọ̀ ṣeré. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Ahọ́n tó yọ síta, tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ló fi ń tu ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí imú wọn pẹlẹbẹ fi máa ń jìyà jù nínú ooru, bó ti wù kí owó wọn pọ̀ tó.

Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, kódà bí ẹni tó ń tà á bá búra pé ó ti ń jẹ ẹran. Ó ṣì ní ohun tó ń kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, pàápàá bí wọ́n ṣe ń fi eyín ṣeré láìdá ọgbẹ́ síra wọn lára.

Bí ajá bá ń ju ìrù, ṣebí inú rẹ̀ dùn ni?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ìrù tó ń jù ń sọ fún yín pé nǹkan kan ti gba ọkàn ajá náà. Bóyá nǹkan ọ̀hún dára tàbí kò dára, ìyókù ara rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Bí ìdí bá ń mì pẹ̀lú ìrù, tí etí rọ̀, tí ẹnu là díẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Bí ìrù bá nà sókè gbagidi, tó ń gbọ̀n wìrìwìrì, tí ara ìyókù kò sì mì rárá, ẹ rọra fa ọmọdé sẹ́yìn. Ìrù tó wọ abẹ́ ikùn, ẹ̀rù ni, ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í sì í pẹ́ bu èèyàn jẹ bí kò bá rọ́nà sá.

Àwọn àmì kéékèèké kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí. Ajá tí oorun kò kùn tó ń yán. Ajá tó ń lá imú ara rẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí. Ajá tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ọmọ yín gbá a mọ́ra lọ́rùn, tí funfun ojú rẹ̀ wá yọ síta. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè.” Bí ẹ kò bá gbọ́, yóò kùn. Ẹ má na ajá nítorí pé ó kùn. Ẹni tó bá na ajá títí tí kò fi kùn mọ́, ó ti sọ ọ́ di ajá tí í bu èèyàn jẹ láìkọ́kọ́ kìlọ̀.

Mo máa ń wo tèmi láàárọ̀ bí mẹ́ruwa bá ń ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ bọ̀. Jálá omi kò tíì dún tí etí rẹ̀ fi ti nà. Lẹ́yìn náà ni ẹnu tó ti là yóò pa dé. Ìrù yóò gòkè, yóò fi ara lé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ìgbà náà ló tó gbó. Bí mo bá pè é nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé, ó ń yíjú, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹran kékeré sì wà lọ́wọ́ mi fún un. Bó bá ti gbó báyìí, orúkọ rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí mọ́. Àárín ẹnu tó pa dé àti gbígbó, kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tó dúró dìgbà tó gbó kó tó pariwo “Dákẹ́!” ti bá a gbó pọ̀ ni. Àwọn àgbà sì ti ní a kì í mú kùmọ̀ lọ́wọ́ pe ajá.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀bà ń pa ajá?

Kò pa á. Kò kàn tó o ni. Ajá ti bá èèyàn gbé pẹ́ débi pé inú rẹ̀ ti mọ oúnjẹ wa. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Swídìn fi ajá wé ìkookò, wọ́n rí i pé ajá ní ẹ̀dà tó pọ̀ gan-an lára jíìnì tó ń jẹ́ kí ara lè da oúnjẹ bí ìrẹsì àti àgbàdo. Nítorí náà ẹ̀bà, túwó, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ń dà nínú rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀bà lásán kò ní nǹkan tó ń gbé ẹran ara ró. Ajá tó ń jẹ ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ lójoojúmọ́ yóò yó, ikùn yóò yọ, irun rẹ̀ yóò sì máa re. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ajá ńlá tó ń dàgbà, ẹsẹ̀ iwájú lè wọ́. Ẹran lásán náà lè fa irú ẹsẹ̀ wíwọ́ bẹ́ẹ̀, torí kálísíọ̀mù kò tó nínú ẹran tí kò ní egungun. Àwọn tó ń fi ẹran màlúù nìkan bọ́ ọmọ ajá, tí wọ́n rò pé àwọn ń kẹ́ ẹ, kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Ohun tí mò ń sè nìyí: ìrẹsì tàbí túwó àgbàdo, pẹ̀lú fùkù àti ẹran tí kò lọ́ràá láti Wúsé tàbí ọjà Kubwa, wọ́n á tó ìdajì abọ́ náà. Mo máa ń fi ẹ̀dọ̀ díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan (ẹ̀dọ̀ àpọ̀jù kò dára, fítámì A inú rẹ̀ ti pọ̀ jù), káróòtì tí a gé wẹ́wẹ́, ẹyin sísè nígbà míì. Kò sí ata, kò sí magí, kò sí àlùbọ́sà. Mo máa ń da oúnjẹ alápò mọ́ ọn, torí wọ́n ti fi àwọn èròjà tí n kò lè wọ̀n nílé sínú rẹ̀. Bí owó bá wà, ọmọ ajá ni kí ẹ kọ́kọ́ ra alápò fún. Kí ẹ sì rí i pé ti ọmọ ajá ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?

Fún àgbà ajá, oúnjẹ tí a sè nílé máa ń tó ìdá 2 sí 3 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ajá tó wọn kílò 20, nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 600 lóòjọ́, ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 6, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni òṣùwọ̀n tó dájú jù: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Egungun ìhà gbọ́dọ̀ ṣeé fọwọ́ bà, kò gbọdọ̀ ṣeé kà láti òkèèrè. Omi tó mọ́ kò gbọdọ̀ tán nínú abọ́, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́.

Egungun ńkọ́? Ṣebí oúnjẹ ajá ni.

Egungun adìyẹ tí a ti sè, rárá. Ó máa ń fọ́ sọ́nsọ́, ó sì lè gún ọ̀fun tàbí ìfun. Ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ Iléyá ni àwọn dókítà ẹranko máa ń rí iṣẹ́ yìí, ẹ bi wọ́n léèrè.

Kí ni n kò gbọdọ̀ fún un rárá?

Súyà ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, torí òun ló wà lọ́nà wa jù ní Àbújá. Ẹran rẹ̀ gan-an kọ́ ni wàhálà, bí kò ṣe àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ lé e, àti ata yájì. Àlùbọ́sà àti aáyù, yálà tútù, sísè tàbí lílọ̀, ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́. Kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni èrìgì rẹ̀ á wá funfun, tí kò ní lè dìde. Bébà súyà tí àwọn ọmọ jù sílẹ̀ gba kí ẹ yára ṣa á.

Ṣokoléètì náà wà níbẹ̀, bó bá ṣe dúdú tó ni ewu rẹ̀ ṣe tó. Àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ. Ṣíngọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, nítorí xylitol, ohun àdídùn tí wọ́n fi dípò ṣúgà nínú rẹ̀. Kọfí. Ọtí, títí kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bùrùkùtù tí àwọn kan máa ń dà sílẹ̀ fún ajá kí wọ́n lè rí i rẹ́rìn-ín. Oògùn ara ríro tí èèyàn ń lò, ẹ má fún un láìbi dókítà ẹranko.

Ọ̀tápíápíá ni ọ̀kan tó ń bí mi nínú. Àwọn èèyàn ń fi í pa eégbọn lára ajá, wọ́n ń dà á sí i lẹ́yìn bí ẹni da omi. Eégbọn á kú lóòótọ́, ajá náà sì lè bá a lọ. Bí ajá bá sì jẹ májèlé, ẹ má fi ipá rọ epo pupa sí i lẹ́nu: epo kì í pa májèlé, ó sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko pẹ̀lú ike tàbí bébà ohun tó jẹ.

Abẹ́rẹ́ wo ló ṣe pàtàkì?

Dìgbòlugi ni kí ẹ fi ṣáájú. Ọmọ ajá ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù 3, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Lára ajá ni àrùn yìí ti ń wá sára èèyàn nínú nǹkan bí ìdá 99 nínú 100, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ẹni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Bí ajá tí ẹ kò mọ̀ bá bù yín jẹ, bó tilẹ̀ kàn họ yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi àgúnmu lé e, ẹ má sọ pé ẹ ń wò ó ná.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni abẹ́rẹ́ pávò, àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí wọ́n á máa tún un gbà títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ọmọ ajá tó ń bì, tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn, kò ní àárọ̀ ọ̀la láti dúró dè. Oògùn aràn náà ṣe kókó.

Alhaji tó wà ní ojúlé kejì kò fẹ́ kí ajá sún mọ́ òun. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó ti ṣe àlùwàlá tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Èmi máa ń so tèmi mọ́lẹ̀ ní àkókò ìrun, abọ́ rẹ̀ kì í sì í dé ibi ẹ̀rọ omi tí gbogbo wa ń lò. Láti ìgbà náà, Alhaji ló ń sọ fún mi bí ajá náà kò bá jẹun.

Okùn tún wúlò nítorí màlúù. Àwọn Fúlàní máa ń da ẹran gba àdúgbò wa kọjá, ajá tó bá sì sáré wọ àárín agbo wọn, a kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fara pa. Ti ojú títì kò tún yẹ kí n sọ: ajá tó rí mọ́tò tó dúró dè é, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún.

Ó dáa, kí ni ọ́pẹ́rà Baroque gan-an?

Eré orí ìtàgé ni, tí wọ́n ń fi orin sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1600 sí 1750. Ní Florence, ní Ítálì, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan tó fẹ́ mọ bí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ṣe ń ṣe eré. Ní 1607, Monteverdi gbé *L'Orfeo* jáde láàfin Mantua. Nígbà tó di 1637, wọ́n ṣí Teatro San Cassiano ní Venice, ẹnikẹ́ni tó bá sì sanwó lè wọlé. Ọjọ́ náà ni ọ́pẹ́rà bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọba nìkan.

Ní Faransé, Lully ló ń darí rẹ̀ fún Louis Kẹrìnlá, pẹ̀lú ijó púpọ̀. Òun ló fi ọ̀pá tó fi ń ka orin gún ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọgbẹ́ náà kẹ̀, ó sì pa á ní 1687. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Handel, ọmọ Jámánì tó kọ́ṣẹ́ ní Ítálì, ló gba ojú ọjà.

N kò gbọ́ èdè Ítálì rárá.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo Handel ní Lọ́ńdọ̀nù náà kò gbọ́ ọ. Wọ́n máa ń ra ìwé pélébé tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sí pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n á máa kà á bí orin ṣe ń lọ. Ẹ ka ìtàn rẹ̀ ṣáájú, kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jó orin Háúsá níbi ìgbéyàwó ní Nyanya, tí ẹ kò gbọ́ gbólóhùn kan níbẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ èdè dá mi dúró.

Kí ló dé tí wọ́n ń tún nǹkan kan náà kọ? Ṣé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn ni?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Orin inú eré wọ̀nyí sábà máa ń ní apá mẹ́ta. Olórin á kọ apá kìíní. Á kọ apá kejì, níbi tí ọkàn ti yí padà. Lẹ́yìn náà, á padà sí apá kìíní, ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n tí á máa fi àrà tirẹ̀ sí i.

Ẹ gbọ́ orin tí Cleopatra kọ nínú *Giulio Cesare*, eré Handel tó jáde ní 1724. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni “Piangerò la sorte mia”: èmi yóò sunkún nítorí àyànmọ́ mi. Arákùnrin rẹ̀ ti ṣẹ́gun rẹ̀, ó ti dè é. Orin náà ń lọ jẹ́ẹ́, fáyólìn kò sáré. Lójijì ni ohun gbogbo dìde: ó ní bí òun bá kú, iwin òun yóò máa dààmú ìkà náà tọ̀sán-tòru. Ohùn ń sáré, ó ń fò. Lẹ́yìn náà ni ẹkún padà dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ẹ ti mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń sunkún yìí ti búra ẹ̀san. Àwọn olórin tó mọṣẹ́ kì í fi gbogbo àrà sínú rẹ̀ tán. Àwọn kan á jẹ́ kí ohùn tinrín sí i, àwọn míì á dá dúró díẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó ń ronú àti ẹni tó kàn ń fi ọ̀fun yangàn.

Ọkùnrin wo ló ń fi ohùn obìnrin kọrin yẹn?

Ìgbà yẹn, wọ́n máa ń tẹ àwọn ọmọkùnrin kan lọ́dàá kí ohùn wọn má bàa yí. Ìwà ìkà ni, owó àti ìrètí òkìkí ló sì ń tì í. Farinelli, tí wọ́n bí ní 1705, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Láti 1737 ló ti ń kọrin fún ọba Sípéènì, Philip Karùn-ún. Lónìí, obìnrin ló ń kọ ipa wọn, tàbí ọkùnrin tó ti fi ẹ̀kọ́ mú ohùn òkè rẹ̀ le.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

*Dido and Aeneas*, ọ́pẹ́rà tí Purcell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ; ní nǹkan bí 1689 ni wọ́n ṣe é níléèwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Chelsea. Ẹ dúró de orin ikú Dido ní ìparí. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ń sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kéékèèké, ó ń padà, ó tún ń sọ̀kalẹ̀, bí gúdúgúdú ṣe ń di ọ̀rọ̀ kan mú kí ìyáàlù lè ráyè sọ tirẹ̀. Bí ẹ bá fetí sí ìsàlẹ̀ yẹn, ohùn òkè yóò ṣe yín ní nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, orin àkọ́kọ́ nínú *Serse* ti Handel, 1738: ọba kan dúró, ó ń fi orin yin igi nítorí òjìji rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti dúró de ọkọ̀ ní Berger lọ́sàn-án oṣù Kẹta kò ní rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ṣé kì í ṣe nǹkan òyìnbó lásán ni?

Òyìnbó ló ni í. Ṣùgbọ́n eré tí wọ́n fi orin sọ kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1944, Hubert Ogunde gbé eré olórin jáde fún ìjọ rẹ̀ l'Ékòó, ọ́pẹ́rà sì ni wọ́n pe irú eré bẹ́ẹ̀. Duro Ladipo gbé *Ọba Kò So* jáde ní Òṣogbo ní 1963, wọ́n sì gbé e dé Berlin lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ajá náà ńkọ́, ṣé ó ń gbádùn rẹ̀?

Ní 2002, àwọn olùwádìí kan ní Belfast gbé orin fún àwọn ajá inú ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí kò ní olówó. Orin kílásíkà mú kí wọ́n máa sinmi. Orin onírin líle (heavy metal) mú kí wọ́n máa gbó sí i. Àmọ́ ẹ rántí pé etí ajá ń gbọ́ ohùn tó ga dé nǹkan bíi 45,000 Hz, tiwa kò ju 20,000 lọ. Ẹ jẹ́ kí ohùn orin lọ sílẹ̀.

Tèmi máa ń hu bí obìnrin bá di ohùn òkè kan mú pẹ́. Àwọn àlejò á ní orin ń dùn ún. Ara rẹ̀ ni mo ń wò: etí rọ̀, ara nà sórí táìlì, kò dìde. Bí fèrè kàkàkí Lully bá dún, ó ń jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kì í ti ilẹ̀kùn. Nínú oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọ ń ju báńgà, mo máa ń tan orin jẹ́ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, nínú yàrá tó jìnnà sí ojú títì jù, kó má bàa jẹ́ pé ìró báńgà nìkan ló ń gbọ́.

Mò ń lọ sílé fún ọdún. Ṣé kí n gbé e dání?

Bí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n dáadáa bá wà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wọn oúnjẹ rẹ̀ sínú ike lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ sára ògiri, kí ẹ sì fi nọ́ńbà dókítà ẹranko sílẹ̀. Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ má bọ́ ọ yó láàárọ̀ ọjọ́ náà; oúnjẹ díẹ̀ ní wákàtí bíi mẹ́ta ṣáájú ti tó. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání. Ẹ máa dúró fún omi, ẹ má sì fi í sínú ọkọ̀ tí ẹ tì pa, kódà bí ẹ bá kàn fẹ́ ra iṣu ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní ti orin, *Giulio Cesare* lé ní wákàtí mẹ́ta, ó lè mú yín dé Lọ́kọ́jà. Ẹ dà á sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lójú ọ̀nà yẹn.